Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi: Ìbàdàn ni mo mú o

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun gan-an. Mo bi yín pé nínú Yunifásítì Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó, níbo ni kí n ti kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín. Mo ti kọ Ìbàdàn sílẹ̀ fún JAMB.

Oyè dókítà eyín tó ń jẹ́ BDS ni Ìbàdàn àti Èkó ń fúnni, Ifẹ̀ ń fúnni ní èyí tó ń jẹ́ BChD, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni. Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n kan ló wọ̀ mí lára jù: "Ta ló máa wà nítòsí rẹ fún ọdún 6?" Mọ́kọ́là n'Ìbàdàn là ń gbé, UCH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìbàdàn tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà, ò jìnnà rárá. Ara màmá mi ò sì le. Mo fẹ́ máa rí wọn.

Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.