Ṣé epo pupa ń fọ èéfín kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró?

Ọmọ Ìjùmú:
Òkun o, gbogbo ilé. Níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí lọ́dọ̀ wa, bí èéfín bá ti pọ̀ jù, wọ́n á ní kí ẹni tó ń wúkọ́ mu epo pupa ṣíbí méjì tàbí mílíìkì, kó lè fọ àyà rẹ̀. Ṣé ó ń dé ẹ̀dọ̀fóró lóòótọ́? Bí kò bá débẹ̀, kí ló ń kó èéfín náà jáde? Àlàyé tí mo lè fi yé àwọn ìyá ni mo ń wá.

Tíṣà Kàbà:
Òkun. Kò débẹ̀ rárá. Ọ̀nà méjì ló wà nínú ọ̀fun: ọ̀pá èémí wà níwájú, ọ̀nà oúnjẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá ti ń gbé nǹkan mì, gògóńgò á gòkè, ìdérí kékeré kan á sì bo ẹnu ọ̀pá èémí. Ẹ fi ìka lé gògóńgò yín kí ẹ gbé itọ́ mì, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Ikùn ni epo ń gbà lọ, bí ọbẹ̀ ṣe ń lọ.

Ẹ̀dọ̀fóró kì í dá fa afẹ́fẹ́, kò ní iṣan tó lè fi fà á. Iṣan pẹlẹbẹ kan tó pààlà àyà àti ikùn ló ń sọ̀ kalẹ̀, tí egungun ìhà á sì ṣí síta. Àyè inú àyà á fẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí ní ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bí ìdajì lítà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pá èémí á pín sí méjì, ẹ̀ka á tún máa bí ẹ̀ka, nǹkan bí ìgbà 23, títí tí yóò fi kan àwọn àpò wínníwínní, tí iye wọn lé ní mílíọ̀nù 200. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ọ́síjìn, tó sì ń tú kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì sílẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti èéfín. Nínú àwọn ẹ̀ka ńlá, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ń mú eruku, irun tín-ín-tín tí ojú kò lè rí á máa gbá a gòkè wá sí ọ̀fun, bí ìgbálẹ̀ tí kì í sinmi. A ó tu ú dànù tàbí ká gbé e mì. Ṣùgbọ́n hóró èéfín tí kò tó 2.5 máíkírọ́mítà (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́mítà ló wà nínú mìlímítà kan) ń kọjá lọ sínú àwọn àpò yẹn, níbi tí kò sí irun kankan. Sẹ́ẹ̀lì kan ló ń gbé e jẹ níbẹ̀, kì í sì í yá. Èéfín ojoojúmọ́ tún ń ba irun náà jẹ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á wá jókòó, ikọ́ nìkan ló kù tó lè tì í jáde. Ẹ má fi oògùn pa irú ikọ́ yẹn láìwádìí.

Ọmọ Òwé:
Tíṣà, ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n àwọn tó mu epo ń sọ pé ara tu àwọn.

Tíṣà Kàbà:
Ọ̀fun tó ti gbẹ ló tù. Ẹ tún wò ó: ẹni tó dìde lọ mu epo ti kúrò nídìí èéfín nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Yàgbà:
Kí n fi èyí kún un, nítorí ó ń pa ọmọ. Ẹ má ṣe rọ epo tàbí mílíìkì sẹ́nu ọmọ tí gìrì mú, tàbí ẹni tó dákú. Ìdérí tí Tíṣà sọ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà náà, epo á ya sínú ẹ̀dọ̀fóró, ara kì í sì í tètè rí i kó jáde. Ẹ̀dọ̀fóró á wú. Ọmọ tó mu kẹrosíìnì náà, ẹ má ṣe fún un ní epo kó lè bì. Bíbì yẹn gan-an ló ń da kẹrosíìnì sọ́nà èémí. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ tààrà.

Bí ọmọ bá ń wúkọ́, ẹ ka iye ìgbà tó ń mí fún odindi ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò sunkún. Ó ti yá jù bó bá tó 60 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 50 fún ti oṣù méjì sí ìgbà tó máa pé ọdún kan, 40 láti ọdún kan títí di ọdún márùn-ún. Bí abẹ́ ìhà bá ń wọnú nígbà tó ń mí sínú, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ kí ẹ tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àgbàlagbà tí ikọ́ rẹ̀ bá tó ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Nípa èédú: ẹ má gbé e wọ yàrá nítorí òtútù ọyẹ́. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́ọ́sáìdì, gáàsì olóró tí èédú tó ń jó ń tú sílẹ̀, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí fífọ́ àti èébì ló ń kọ́kọ́ fi hàn. Ẹ̀rọ tí a ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ lè gbé 98 nínú 100 jáde, bí ẹni pé kò sí ewu, nígbà tí ẹni tó fa gáàsì náà símú ń kú lọ. Ẹ gbé ẹni náà síta ná.

Ọmọ Ìjùmú:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìborùn tí wọ́n ń fi bo imú ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Yàgbà:
Eruku ńlá nìkan ló ń dá dúró. Ohun tó dáa jù ni kí ààrò wà lábẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri, kí igi gbẹ dáadáa, kí ẹni tó ń yan gàrí sì jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Lákòókò ọyẹ́, ìhà àríwá ìlà-oòrùn nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé inú ilé ni agbada wà, ẹ yọ ihò èéfín gba orí òrùlé jáde, kí ẹ má sì gbé ọmọ pọ̀n nídìí rẹ̀.