Ọjọ́ tí èmi àti ọmọ mi rí kìnnìún ní tíátà Lyceum

Ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún 7, mọ kàtúùnù The Lion King tó jáde ní ọdún 1994 débi pé ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ ẹranko kọ̀ọ̀kan kí ẹranko náà tó la ẹnu. Nígbà tí mo sọ fún un pé a máa lọ wò ó gẹ́gẹ́ bí eré olórin lórí ìtàgé ní tíátà Lyceum ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1999, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: báwo ni wọ́n ṣe máa mú kìnnìún wọlé? N kò rí èsì fún un. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ó máa rí i pé èèyàn ló wà nídìí ẹranko, inú rẹ̀ á sì bàjẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó gba àárín àwọn àga kọjá ni a jókòó sí, mo sì dúpẹ́ pé ibẹ̀ ni. Iná kú, obìnrin tó ń ṣe Rafiki, ọ̀bọ arúgbó, fi ohùn gíga ké ní èdè Zulu, àwọn mìíràn dá a lóhùn. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, erin ńlá kan ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn wa, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀ láàárín èrò ìwòran. Lórí ìtàgé, àgùnfọn ń rìn lọ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, ọkùnrin kan ṣoṣo ló sì gbé e ró: igi gígùn wà lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ọrùn àgùnfọn náà sì ga sókè láti orí rẹ̀. Mo yíjú wo ọmọ mi. Ó ti gbàgbé láti ti ẹnu rẹ̀ pa dé.

Julie Taymor tó darí eré náà kò fi òṣèré pa mọ́ rárá. Ìbòjú Mufasa, kìnnìún tó jẹ́ ọba, kò bo ojú ẹni tó ń ṣe é. Orí rẹ̀ ló jókòó sí bí adé, tó fi jẹ́ pé ojú èèyàn àti ojú kìnnìún ni à ń wò pọ̀. Bí inú bá bí Scar, àbúrò Mufasa tó ń ṣe ìlara rẹ̀, tó sì tẹ̀ síwájú, ìbòjú tirẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ wá síwájú ojú rẹ̀, kìnnìún á sì bo èèyàn mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1998, eré yìí, bí wọ́n ṣe ṣe é ní New York, gba 6 nínú àmì-ẹ̀yẹ Tony tí wọ́n ń fún eré orí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, Taymor sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ti olùdarí eré olórin. Ó tọ́ sí i gan-an.

Ibi tí agbo ẹran ti ń sá bọ̀ ní àfonífojì ni n kò lè gbàgbé. Ní ẹ̀yìn pátápátá, ẹran kéékèèké ń yí lórí òpó gbọọrọ, bí ẹni pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n wà. Àwọn tó wà níwájú wọn tóbi jù wọ́n lọ, títí tí àwọn oníjó tó ru ìbòjú ńlá fi bẹ́ sójú ìtàgé, tí ìlù ń mi àga tí a jókòó lé. Ọmọ mi di apá mi mú. Nígbà tí Mufasa kú, tí àwọn abo kìnnìún sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ jáde láti ojú wọn gẹ́gẹ́ bí omijé, ó bú sẹ́kún. Ó ti rí ikú yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n láìmọye ìgbà, kò sunkún rí. Aṣọ lásán ló pa á lẹ́kún.

Orin Elton John àti Tim Rice tí a mọ̀ láti inú kàtúùnù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn orin àjùmọ̀kọ tí Lebo M, ọmọ South Africa, lọ́wọ́ sí ló wọ̀ mí lára jù. Wọn kò túmọ̀ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì tọrọ àforíjì, inú mi dùn gidigidi pé ọmọ mi gbọ́ èdè ilẹ̀ Áfíríkà kíkankíkan bẹ́ẹ̀ nínú ilé tó kún fún èrò.

Eré náà gba nǹkan bí wákàtí méjì ààbọ̀ pẹ̀lú àkókò ìsinmi, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ tó kéré gan-an lọ yẹ kó rò ó dáadáa.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ mi fi páálí gé ojú kìnnìún, ó sì so ó mọ́ iwájú orí. Mo rò pé ó ti yẹ̀ ni, mo bá fà á wálẹ̀ sójú rẹ̀. Ó gbé e padà sókè. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí ẹ lè máa rí èmi náà."