"Òkè akọni tó ṣubú" àbí "òkè ẹ̀yẹ"?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lábàá pé kí a máa pe àwọn òkè tí ìjọba fi orúkọ sójà sọ ní "òkè akọni tó ṣubú". Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, àmọ́ mi ò lè fọwọ́ sí "tó ṣubú", "akọni" náà ò sì bá mi lára mu.

Ká fi "ṣubú" ṣáájú. Ẹ sọ fún ìyá àgbà kan pé ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ sójà ṣubú, yóò bi yín bóyá orúnkún ló fi ṣèṣe. Ẹnìkan lè sọ pé Bíbélì lò ó níbi tí Dáfídì ti ń dárò Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orin arò nìyẹn (ẹ má sì gbàgbé pé ṣe ni Dáfídì ṣépè fún òkè Gilboa, kò fi dá ẹnikẹ́ni lọ́lá). Lẹ́nu wa lójoojúmọ́, ogun ló ń pa èèyàn. Èèyàn a máa kú sógun, a sì máa bógun lọ bí ẹlòmíràn ti ń bómi lọ.

"Bógun lọ" yìí wù mí ju "kú sójú ogun" lọ, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló kú lójú ìjà. Ẹ wo Lori Piestewa, ọmọ ẹ̀yà Hopi láti ìpínlẹ̀ Arizona. Ẹgbẹ́ tó ń tún ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ṣe ló wà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2003, àwọn ọ̀tá lúgọ dè wọ́n ní Nasiriyah, ní ilẹ̀ Ìráàkì. Ó fara pa, ọwọ́ ọ̀tá tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ wọn ló sì kú sí. Nínú oṣù kẹrin ọdún yẹn náà ni ìpínlẹ̀ Arizona fi orúkọ rẹ̀ sọ òkè kan ní ìlú Phoenix, tí orúkọ rẹ̀ àtijọ́ jẹ́ èébú fún àwọn obìnrin ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìjọba àpapọ̀ ní tiwọn ò gbà á wọlé àfi ní 2008, torí òfin wọn ni pé ó gbọ́dọ̀ pé ọdún márùn-ún tí ẹni náà ti kú. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn yẹn ń wo kàlẹ́ńdà.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n fi òkè dá lọ́lá ni ogun pa. Ní Jasper, ní ilẹ̀ Kánádà, ọ̀wọ́ òkè kan wà tí wọ́n fi orúkọ Victoria Cross pè, àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún sójà tó fi ìgboyà hàn lójú ogun. Òkè Pattison wà níbẹ̀: sójà tó ń jẹ́ Pattison gba àmì-ẹ̀yẹ náà fún iṣẹ́ tó ṣe ní Vimy, ní ilẹ̀ Faransé, ní oṣù kẹrin ọdún 1917, ogun sì pa á ní oṣù kẹfà. Àmọ́ Òkè Zengel náà wà níbẹ̀, Zengel tó gba àmì-ẹ̀yẹ kan náà sì wà láyé títí di 1977, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí òkè ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ta ló ṣubú níbẹ̀? Òkè Edith Cavell kò sì jìnnà sí ibẹ̀, nọ́ọ̀sì ni Cavell, kì í ṣe sójà. Àwọn ará Jámánì ló yìnbọn pa á ní 1915.

"Akọni" wá ńkọ́? Èyí tó bà á jẹ́ pátápátá ni ti Pétain. Ọ̀gágun Faransé ni nínú ogun àgbáyé kìíní, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ òkè ní ààlà Alberta àti British Columbia. Nígbà tó di 1945, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ rẹ̀ dá a lẹ́bi ọ̀tẹ̀. Alberta yọ orúkọ náà ní 2019, British Columbia yọ tiwọn ní 2022. Nílé wa, Adekunle Fajuyi gba àmì-ẹ̀yẹ ológun Military Cross nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ní Kóńgò, àwọn sójà Nàìjíríà ló sì pa á ní oṣù keje ọdún 1966. Ẹ lọ jiyàn ní Èkìtì pé kì í ṣe akọni, kí ẹ wò ó. Síbẹ̀ ọgbà ìgbafẹ́ ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Adó, kì í ṣe òkè, bí òkè ti pọ̀ tó níbẹ̀.

Àbá tèmi ni "òkè ẹ̀yẹ". A ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún òkú, a ń ṣe ẹ̀yẹ fún alààyè, "àmì-ẹ̀yẹ" sì ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fúnni ní ẹ̀yẹ lè gbà á padà. Jíjẹ́ akọni kò ṣeé gbà padà bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ya àwọn tó kú sọ́tọ̀, ẹ pè é ní "òkè ẹ̀yẹ abógunlọ".

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé láìsí àmì ohùn, òkè àwọn ẹyẹ ni àwọn èèyàn máa kà. Kí wọ́n fàmì sí i.