Kílò àlùbọ́sà kan, ìkòkò gbígbẹ

Ìgbà mẹ́ta ni mo se doro wat, ọbẹ̀ adìyẹ àwọn ará Ethiópíà, kó tó jọ èyí tí mo jẹ lọ́dọ̀ aládùúgbò mi. Lọ́ńdọ̀nù là ń gbé. Addis Ababa ni màmá náà ti wá. Ọjọ́ Àjíǹde tiwọn ni wọ́n pè mí wọlé. Ọjọ́ 55 ni wọ́n ti fi gbààwẹ̀, kò sẹ́ran, kò sí mílíìkì, kò sẹ́yin. Doro wat ni wọ́n fi ṣínu. Kíkan injera, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí a fi jẹ ẹ́, rán mi létí ẹ̀kọ tí ògì rẹ̀ kan dáadáa. Ọbẹ̀ náà pọ́n, ó ki, ó sì ń ta sánsán.

Mo lọ ra berbere: ata gbígbẹ, ata ilẹ̀, aáyù, fenugreek, kádámọ́mù àti èròjà mìíràn tí wọ́n lọ̀ pọ̀. Bí a ṣe ń se ọbẹ̀ ata nílé ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo da òróró síná, mo kó àlùbọ́sà méjì sí i, kò tíì rọ̀ tí mo fi da berbere lé e. Ó jóná. Ó korò débi pé àwọn ọmọ mi ò lè jẹ ẹ́. Ìgbà kejì kò korò, àmọ́ ṣe ló ń ṣàn bí omi.

Mo bá lọ bá màmá. “Àlùbọ́sà mélòó lo lò?” Mo ní méjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fà mí wọ ilé ìdáná. Àlùbọ́sà pupa tó tó kílò kan ni wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, wọ́n kó o sínú ìkòkò gbígbẹ, wọn ò kán òróró kankan sí i. Wọ́n ń rò ó lórí iná kékeré. Bó bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, wọ́n á ta omi sí i. Ó tó wákàtí kan kó tó yọ́ tán. Ìgbà yẹn ni niter kibbeh wọlé, bọ́tà tí wọ́n ti fi èròjà yọ́ tí wọ́n sì ti sẹ́. Berbere tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà adìyẹ, ẹyin sísè ló kẹ́yìn. Àṣé àlùbọ́sà yẹn gan-an ni ọbẹ̀!

•

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìbàdàn ni mo wà, dal, ọbẹ̀ ẹ̀wà pípín àwọn ará Íńdíà, ni tèmi. Kọ́rì inú agolo ni mo máa ń dà sí i bí ẹni ń se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, kò sì jọ tiwọn rí. Obìnrin Íńdíà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi hàn mí pé ẹ̀yìn tó bá jinná tán ni iṣẹ́ kù. Ẹ gbé òróró díẹ̀ kaná lọ́tọ̀, ẹ ju kumin oníhóró sí i. Bó bá ti ń ta pàràpàrà, ẹ fi aáyù àti ata gbígbẹ sí i, kí ẹ dà á sórí ẹ̀wà náà ní gbígbóná. Tadka ni wọ́n ń pè é. Òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ata gígún tiwa lè dípò berbere?

•

Àbúrò, mo ti dán an wò. Ó ta, àmọ́ kò ta sánsán. Wá fenugreek àti kádámọ́mù, yan wọ́n díẹ̀ nínú páànù gbígbẹ, kí o lọ̀ wọ́n mọ́ ata gígún àti ata ilẹ̀ gbígbẹ. Ó máa sún mọ́ ọn. Má ṣáà fi tòmátò sí i.