Àbọ̀ ìbéèrè mi: mo ti ríṣẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ rántí pé mo béèrè bí akẹ́kọ̀ọ́ PhD ṣe lè ríṣẹ́ níléeṣẹ́ ní Amẹ́ríkà níbí. Mo ti rí i o! Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n lọ sí ọ́fíìsì tó ń ranni lọ́wọ́ nípa iṣẹ́ ní yunifásítì wa, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín. Ọ̀fẹ́ ni. Màmá tó dá mi lóhùn fi bírò pupa fagi lé CV mi, ojú ewé 7 di ẹyọ kan. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, á ní: "Kí lo ṣe? Kí ló tibẹ̀ jáde?" Ó dùn mí lọ́jọ́ náà, àmọ́ CV olójú ewé kan yẹn ni iléeṣẹ́ fi pè mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ OPT, ìyẹn àṣẹ tó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ F-1 ṣe iṣẹ́ tó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu: tó bá ti ku 90 ọjọ́ kí ètò ẹ̀kọ́ yín parí, ẹ ti lè fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín.