Bí mo ṣe rí lẹ́tà olùkọ́ gbà fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka ìrírí yín lórí bí ẹ ṣe ń wá lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́dọ̀ olùkọ́ láti fi wọ yunifásítì, ó sì ń ká mi lára pé ọ̀pọ̀ ṣì ń wá ẹni tí oyè rẹ̀ ga jù láti kọ lẹ́tà fún wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ yín ni kí ẹ lọ bá.

Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ka bàókẹ́mísìrì (biochemistry), mo wá fẹ́ lọ ka ìṣègùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àjọ kan tó ń jẹ́ UCAS ló ń gba fọ́ọ̀mù fún àwọn yunifásítì wọn. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn mẹ́rin péré lèèyàn lè mú, lẹ́tà ìjẹ́rìí kan náà ni gbogbo wọn sì máa kà. Àárín oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn, nígbà tí àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn ṣì láyè di oṣù Kìíní. Bí olùkọ́ ò bá sì tíì fi tiẹ̀ ránṣẹ́, fọ́ọ̀mù ò lè lọ.

Ọdún 2022 ni. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kejì, ọgbà dá páropáro. Mo pe prọ́ọ̀fù àgbà kan, wọ́n ní, "Kọ ọ́ wá, màá fi ránṣẹ́." Ó dùn mí. Ṣé ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ nípa ara mi ni wọ́n ń pè ní ìjẹ́rìí? Mo dúpẹ́, mo sì wá ọ̀nà mìíràn.

Mo lọ bá olùkọ́ tó bójú tó pírójẹ́ẹ̀tì mi, nílé wọn ní Ìbarà. Wọn ò tíì di prọ́ọ̀fù nígbà yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Lẹ́tà ni mo wá tọrọ." Wọn ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n gba pírójẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ń ṣí i wò. Ìka wọn dúró lórí tábìlì èsì kan nínú rẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi tún àyẹ̀wò ṣúgà àwọn eku yìí ṣe?"

Mo ní iná lọ lóru, fíríìjì láàbù gbóná, ọkàn mi ò sì balẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ni mo bá gba òmíràn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ohun tí màá sọ fún wọn nìyẹn. Máàkì ò lè sọ ọ́."

Lẹ́tà wọn ti dé UCAS tipẹ́ kí ASUU tó dá ìyanṣẹ́lódì dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ká ní mo ń dúró de kí ọgbà ṣí ni, ọdún yẹn ì bá ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Bí ẹ̀yin àti olùkọ́ bá jọ wà nílùú, ẹ má fi WhatsApp nìkan bẹ̀ wọ́n. Ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ gbé èsì ìdánwò àti pírójẹ́ẹ̀tì yín dání. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí bí mo ṣe to ìwé tí mo kó lọ fún wọn, kó sọ, màá ya fọ́tò rẹ̀ síbí lálẹ́ òní.