Ṣé ká da edé láti inú odò méjì pọ̀ ni, àbí ká yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀dá inú omi, ẹ gbà mí. Edé odò ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Austropotamobius pallipes, ẹlẹ́mùú bíi alákàn, ni mò ń kọ́ nípa rẹ̀. Èyí tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970 ló ń kó àrùn Aphanomyces astaci ràn án, ó sì ń pa á. Àwọn tó kù há sínú odò kéékèèké, ìbátan ń gun ìbátan. Ó dùn mí gan-an.

Bí a bá kó díẹ̀ lọ síbi tí àrùn kò dé, ṣé ká da ti odò méjì pọ̀ kí àbùdá wọn lè gbòòrò, àbí ìyẹn á pa ìyàtọ̀ odò kọ̀ọ̀kan rẹ́? Ṣé DNA mitochondria (àbùdá tí ọmọ ń gbà lọ́dọ̀ ìyá) nìkan tó láti fi mọ ìyàtọ̀ àárín edé odò kan sí òmíràn?